Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Àṣìṣe?

Àwọn àgbà ní ìlú tí kò sófin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ojú kejì tí a kì í sábà wò. Bó bá jẹ́ pé òfin ló ń jẹ́ kí a mọ ẹ̀ṣẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó ń ṣòfin ní láti ṣọ́ra gidigidi, kó má baà sọ ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lóṣù yìí, ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n jù ni n ó sì ti mú un: kíláàsì ìṣirò ní ilé-ìwé girama.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ó rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú táàmù. Tíṣà á wọlé, gbogbo kíláàsì á dìde kí i, á mú ṣọ́ọ̀kì, á sì kọ òfin sójú bọ́ọ̀dù. Òfin kìíní: kí ẹnikẹ́ni má pẹ́ dé. Òfin kejì: kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Òfin kẹta: ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹgba mẹ́fà. Òfin kẹrin: nínú ìdánwò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, máàkì 5 nínú 10 ló kéré jù, iye máàkì tó bá dín sí 5, iye ẹgba nìyẹn. Ẹni tó gba 2, ẹgba mẹ́ta. Ẹni tó gba òdo, ẹgba márùn-ún, wọn á tún pè é ní olódo títí táàmù á fi parí.

Ọdún tí mo ti fi kọ́ni ní ìṣirò nílùú Ìbàdàn kì í ṣe kékeré, mo sì ti rí òfin báyìí ní oríṣiríṣi. Ó rọrùn, nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gan-an jọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kì í ṣe irú kan náà. Ọmọ tó ń pariwo mọ̀ pé òun ń pariwo. Bó bá fẹ́, ó lè dákẹ́. Ọmọ tó dúró ra búrẹ́dì lẹ́yìn tí agogo ti lù mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ ọmọ tó gba 2 nínú 10 ńkọ́? Kí ló ṣe? Ó jókòó, ó ronú, ó kọ ohun tó rò pé ó tọ́, kò sì tọ́. Ta ló wá ṣẹ̀ nínú èyí?

Èdè wa ti dáhùn ìbéèrè náà kí ilé-ìwé tó dé. Ọ̀rọ̀ méjì ni a ní, a kò fi ọ̀kan pe èkejì. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn mọ ohun tó tọ́, kó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àṣìṣe ni kí ènìyàn máa wá ohun tó tọ́, kó má rí i. Wọ́n tún ní àṣìṣe kò kan ọgbọ́n, ìyẹn ni pé ọlọ́gbọ́n pàápàá a máa ṣì í. Bí àlejò bá fẹ́ lọ sí Dùgbẹ̀ tó sì bá ara rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ta ní ń fi pàṣán lé e padà? Ńṣe là ń júwe ọ̀nà fún un. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ẹni tó ṣìnà nínú ìṣirò nìkan ni à ń nà?

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ tí òfin kẹrin yẹn ń ṣe, nítorí òfin kì í dúró sójú bọ́ọ̀dù lásán. Bí ọmọ bá ti mọ̀ pé àṣìṣe ń mú ẹgba wá, kò ní í wá bí òun ṣe máa mọ ìṣirò. Bí àṣìṣe kò ṣe ní í hàn ni yóò máa wá. Ẹ lọ sí ilé-ìwé girama kan ní aago méje àárọ̀, kí àpéjọ òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí ọmọ mẹ́fà lẹ́yìn kíláàsì tí wọ́n ṣù bo ìwé kan ṣoṣo, tí wọ́n ń dà á kọ. Mo ti gba ìwé mẹ́sàn-án rí tí gbogbo wọn ṣì í síbi kan náà: ẹni tó ni iṣẹ́ kọ 7 tí orí rẹ̀ kò hàn, àwọn mẹ́jọ yòókù sì kọ 1. Àwọn tó jí iṣẹ́ kọ kò tilẹ̀ dúró ka ohun tí wọ́n ń jí.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò ìwà. Ọmọ tó jókòó nílé, tó lo òye ara rẹ̀, tó gba 2, ẹgba mẹ́ta ló jẹ. Ọmọ tó jí ti ẹlòmíràn wò, tó gba 8, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó ṣe òótọ́ jìyà, ẹni tó jalè gbẹ̀bùn. Gbogbo kíláàsì sì jókòó, wọ́n ń wòran. Ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà? Ó dá mi lójú pé kì í ṣe ìṣirò.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í pẹ́ dàgbà. Bí ọmọ bá dé kíláàsì àṣejáde, ìdánwò WAEC ni yóò kojú, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ọdún 1952. Bí kò bá sì ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn yunifásítì ló ti mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni bàbá àti ìyá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé-ìwé tí aráàlú ń pè ní "miracle centre", níbi tí wọ́n ti ń sanwó kí ìdáhùn lè wọlé bá ọmọ lórí ìjókòó. Ìjọba ṣòfin lórí màgòmágó ìdánwò ní 1999, ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ màgòmágó kò tán. Báwo ni yóò ṣe tán? Ọmọ tó ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ pé kí àṣìṣe má ṣáà hàn, ṣé ọjọ́ ìdánwò ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ òdodo?

Mo mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò sọ. Wọ́n á ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹnu lẹ fi ń sọ ọ́. Ẹ wá dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ lọ́sàn-án gangan, kí ẹ wá wò ó bí ẹ kò ní í mú ẹgba." Wọ́n á tún ní, "Ẹgba la fi kọ́ àwa náà, a sì di ènìyàn." Ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì, mi ò ní í fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ní ti èrò tó pọ̀, òótọ́ ni. Nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ UPN sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní 1979 ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel, ohun rere ni wọ́n ṣe. Ọmọ tálákà tí ì bá má rí ẹnu ọ̀nà girama rí ibẹ̀ wọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yára pọ̀ ju tíṣà àti àga lọ, ẹrù yẹn ò sì tíì kúrò lórí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba títí di òní. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí, òfin gbọ́dọ̀ wà. Ta ní sọ pé kó má sí? Òfin ariwo, òfin àkókò, òfin ìmọ́tótó, mo fara mọ́ gbogbo wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹgba lè mú kí ọgọ́ta ọmọ dákẹ́, kò lè mú kí ẹyọ kan lóye. Ìdákẹ́ àti òye kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní ti pé ẹgba la fi kọ́ wa, ẹ dákun, ẹ bá mi ka àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù wáànù. Mélòó nínú wọn ló bá wa dé fọ́ọ̀mù fáìfù? Àwọn tí ẹgba lé lọ kò sí níbí láti jẹ́rìí. Àwa tó kù la jókòó tí à ń yin ẹgba. Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ nìyẹn, kí a gbọ́ tẹnu ẹnìkan dájọ́? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣe tirẹ̀ ní 2007, ti sọ ọ́ pé iyì ọmọ kì í ṣe ohun tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwé nìyẹn. Ohun tó wà lọ́kàn tíṣà ni mo ń bá jà.

Ìdí kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan kíláàsì ìṣirò ju kíláàsì mìíràn lọ. Nínú ìṣirò, kò sí ẹni tó tọ̀nà nítorí pé ó ga, ó dàgbà, tàbí ó mú ẹgba lọ́wọ́. Ẹ mú òfin kan tí gbogbo ọmọ girama mọ̀: a kì í fi òdo pín nọ́ńbà kankan. Ta ló ṣe òfin yẹn? Kì í ṣe tíṣà, kì í ṣe kọmíṣọ́nnà, kì í ṣe ààrẹ orílẹ̀-èdè. Bí a bá fi 2 pín 6, 3 la ó rí, nítorí pé 3 lọ́nà 2 jẹ́ 6. Bí a bá wá fi òdo pín 6, nọ́ńbà wo la ó sọ lọ́nà òdo tí yóò fi di 6? Kò sí. Ọba kò lè pàṣẹ kó wà. Òfin tó de ọba tó sì de ẹrú nìyẹn, tó sì ní ìdí tí ọmọ ọdún mẹ́tàlá lè fi orí ara rẹ̀ wádìí.

Nítorí náà, bí ọmọ bá nawọ́ tó sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí máínọ́ọ̀sì lọ́nà máínọ́ọ̀sì fi di púlọ́ọ̀sì?" ìdáhùn méjì ló wà. Èkíní ni, "Òfin ni. Kọ ọ́ sílẹ̀, jókòó." Èkejì gùn díẹ̀. Ká ní mo jẹ ìyá alákàrà ní náírà 200 lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbèsè ni máínọ́ọ̀sì. Bí ìyá bá yọ gbèsè náírà 200 yẹn kúrò lọ́rùn mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yíyọ kúrò náà máínọ́ọ̀sì ni. Ṣé mo pàdánù ni àbí mo jèrè? Mo fi náírà 600 sàn ju bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni. Tíṣà tó dáhùn lọ́nà èkíní kò kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ohun tó kọ́ ọ ni pé òfin ni ohun tí ẹni tó jù ọ́ lọ bá ti sọ. Ọmọ náà yóò gbé e dé ọ́fíìsì, dé bárékè, dé ibùdó ìdìbò.

Ìpìlẹ̀ tí mo dúró lé nìyí: òfin kíláàsì ìṣirò gbọ́dọ̀ jọ ìṣirò. Kó ní ìdí tí a lè sọ jáde, kó sì de ẹni tó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ka èyí tí mò ń lò fún yín, pẹ̀lú ìdí wọn.

Àkọ́kọ́, bí agogo bá lù, gbogbo wa wà níjókòó, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́, yóò sọ ìdí rẹ̀ fún kíláàsì, ìbá à jẹ́ èmi.

Èkejì, kọ ọ̀nà tí o gbà sílẹ̀. Ìdáhùn tó tọ́ tí kò ní ọ̀nà, n kò mọ ibi tó ti wá. Ìdáhùn tó ṣì tó ní ọ̀nà, a lè jọ padà lọ síbi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀. WAEC náà ń fún ọ̀nà ní máàkì. Ọ̀nà kan kò sì wọjà. Bí mo bá ní kí wọ́n sọ 25 lọ́nà 16, tí ẹnìkan tò ó sísàlẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, tí ẹnìkejì ní 25 lọ́nà 4 jẹ́ 100, 100 lọ́nà 4 sì jẹ́ 400, àwọn méjèèjì ló gbà á. Tíṣà tó bá fagi lé ti ẹnìkejì nítorí pé "èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀" ti fi ara rẹ̀ sípò òfin.

Ẹ̀kẹta, má fi rọ́bà pa àṣìṣe rẹ rẹ́. Fa ìlà kan gba orí rẹ̀, kọ èyí tó tọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìwé tí kò ní àpá kankan ń kọ mí lóminú.

Ẹ̀kẹrin, bí ibi kan bá dí ọ lójú, kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ibi tí mo dé nìyí." Iṣẹ́ àṣetiléwá tó dúró lágbedeméjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá da ti ẹlòmíràn kọ, ẹ̀ṣẹ̀ gidi nìyẹn, n kò sì ní í fojú kéré rẹ̀. O ó wá síwájú bọ́ọ̀dù, o ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà láti òkè dé ilẹ̀. Bí o kò bá lè ṣe é, èmi àti ìwọ ni a ó jọ wà ní kíláàsì lẹ́yìn ìgbà tí àwọn yòókù ti lọ sílé, títí o ó fi lè ṣe é. Àwọn ọmọ máa ń ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn kí n nà wọ́n. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ẹgba á tán ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò kì í tán bọ̀rọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe ẹnìkejì rẹ̀ ní olódo, tíṣà pàápàá kò gbọ́dọ̀ pè é. Òdo tí a fi ń bú ọmọ yìí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 100 kí ẹ wo ohun tó kù.

N kò sọ pé òfin báyìí kò nira. Ọgọ́ta ìwé, ìbéèrè márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè 300 nìyẹn. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú kan péré wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí márùn-ún ti lọ lórí kíláàsì kan. Ká má tan ara wa, ìdí tí ẹgba fi wọ́pọ̀ nìyí. Kì í ṣe pé tíṣà ló burú. Ẹgba ni kò gbówó lórí. Ìjọba tó kó ọgọ́ta ọmọ síwájú ẹnìkan wà nínú ẹjọ́ yìí, bí ẹ kò tilẹ̀ rí ẹgba lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìrètí, ìyẹn ohun tí tíṣà ń retí lọ́wọ́ ọmọ. Òfin tí a kò kọ sójú bọ́ọ̀dù ni, ó sì le ju èyí tí a kọ lọ. Ọmọ máa ń mọ̀ bí tíṣà bá ti pa á tì. Wọ́n á ní ìṣirò kì í ṣe ti obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams, tó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ, ní àwọn ọdún 1950, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1963, tó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin, ní 1985. Àwọn mìíràn á ní ìṣirò kò sí lára aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Yorùbá tó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti ṣe ìṣirò kó tó panu dé: ogún mẹ́ta jẹ́ 60, a yọ 10, ó ku 50, a yọ 5. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìṣirò náà wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Ẹni tó retí ohun kékeré lọ́wọ́ ọmọ ti ja ọmọ náà lólè, láìfọwọ́ kan àpò rẹ̀.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan wà tí kò rọrùn fún mi. Ọmọ méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Bàbá ọ̀kan gba tíṣà tó ń wá kọ́ ọ nílé lálaalẹ́. Èkejì ti kiri ẹ̀kọ tútù yí Òjòó po kó tó wá sílé-ìwé, yóò tún kiri bó bá délé. Ṣé òfin kan náà ló yẹ kó de àwọn méjèèjì? Bí mo bá dín òfin kù fún ẹni tó ń kiri, mo ti sọ fún un pé n kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, WAEC kò sì ní í béèrè ẹni tó kiri kó tó gbé ìbéèrè síwájú rẹ̀. Bí mo bá sì di òfin mú gírígírí, ìṣẹ́ ilé wọn ni mò ń jẹ ẹ́ níyà fún. Ohun tí mò ń ṣe ni pé òṣùwọ̀n kan náà ni mo fi ń wọn àwọn méjèèjì, àmọ́ ẹni tó ń kiri lè ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tirẹ̀ nígbà ìsinmi ọ̀sán, èmi á sì jókòó tì í. Ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àkókò tí mo fún un yẹn, àkókò eré rẹ̀ ni mo gbà. Ọmọ tó ń kiri kì í tó eré ṣe tẹ́lẹ̀. Ìdájọ́ òdodo tí mo lè ṣe nínú kíláàsì kò lè tán èyí tó yẹ kí ìlú ṣe níta.

Ẹ̀yin òbí, ìjókòó yín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọmọ bá gbé ìwé ìṣirò délé, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń kọ́kọ́ béèrè ni, "Èló lo gbà?" Òfin kẹrin ojú bọ́ọ̀dù nìyẹn, a kàn gbé e wá sí pálọ̀ ni. Ẹ bi í pé, "Èwo ló le jù níbẹ̀, kí lo sì ṣe sí i?" Bí ọmọ bá lè dáhùn láìbẹ̀rù, tó fi ìka tọ́ka sí ibi tí òun ti ṣì í, ẹ fọkàn balẹ̀. Olóòótọ́ lẹ ń tọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 2 nínú 10 ló gbà.